Bákóò Gbé Tíṣà Sókè

Orúnkún mi ṣì wú bí mo ṣe ń kọ èyí, òórùn ọ́ìlì ò sì tíì kúrò nínú irun mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí àwọn ará Mọníyà tó sọ ọ́ di ìtàn mìíràn, torí bí wọ́n ṣe ń rò ó káàkiri báyìí, wọ́n ní mo fò. Mi ò fò. Ẹ̀rọ ló lọ sókè, èmi kàn jókòó lé e ni.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ò gùn. Mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, mo ra ilẹ̀ àkùrọ̀ kan lẹ́yìn Mọníyà, mo ní ẹja àrọ̀ ni màá máa sìn. Ẹja àrọ̀ ń fẹ́ kòtò, kòtò ń fẹ́ ẹni tó máa gbẹ́ ẹ. Oníkatapílà tí mo kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ dárúkọ owó ọjọ́ kan. Ó fi owó dísẹ́ẹ̀lì lé e, ó fi owó ọkọ̀ tó máa gbé katapílà wá lé e, ó tún wá ní kí n má gbàgbé ọmọ tó máa wà á. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo pe àbúrò ìyàwó mi ní Texas. Lọ́hùn-ún, ẹni tó bá ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ilé lè ní katakata kékeré, alágbára ẹṣin 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, tó fi ń gé koríko, tó ń fi korobá iwájú rẹ̀ kó yẹ̀pẹ̀. Bó bá fẹ́ gbẹ́lẹ̀, á so bákóò mọ́ ọn nídìí. Ó bá mi rí àlòkù kan rà, ó kì í bọnú kọ̀ǹténà. Kọ̀ǹténà dé Apápá. Lẹ́yìn tí Apápá ti jẹ tiẹ̀ tán, ẹrù mi dé Mọníyà. Kiréènì sọ katakata kalẹ̀ sápá kan, ó sọ bákóò kalẹ̀ sápá kejì, torí wọ́n ti tú wọn kúrò lára ara wọn kí àyè lè gbà wọ́n.

Ó ku ká so ó padà. Mẹkáníìkì tó wà lójú títì ní kí n gbé iṣẹ́ náà fún òun, mo ní rárá. Kí ni mẹkáníìkì fẹ́ kọ́ mi nípa agbára ọ́ìlì? Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi kọ́ni ní físíìsì, tí mo ń ya jáàkì sójú pátákó ní sáà dé sáà, písítìn kékeré lápá òsì, písítìn ńlá lápá ọ̀tún! Mo tún wá ṣe èyí tó burú ju ìyẹn lọ: mo ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa pé kí wọ́n wá wòran ní Sátidé. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bí wọ́n bá rí i níbi tó ti ń gbẹ́lẹ̀, wọn á máa wá háyà rẹ̀. Mo ra ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀ dè wọ́n. Mo yá àga.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé bákóò fún ẹni tí ò sún mọ́ ọn rí, torí ẹni tí ò bá mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò ní mọ bí mo ṣe ya òpè tó. Apá ńlá kan wà tó dìde láti ìdí rẹ̀, apá kékeré so mọ́ ọn níbi ìgbọ̀nwọ́, korobá onírin tó léyín wà ní òpin. Ẹsẹ̀ irin méjì wà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tó máa ń nà kan ilẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ má baà máa mì lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní àga tiẹ̀ àti ọ̀pá ìdarí tiẹ̀. Tèmi wọ̀n tó kílò 450, ó sì lè gbẹ́ kòtò ẹsẹ̀ bàtà 7. Ṣùgbọ́n kò ní agbára kankan tó jẹ́ tiẹ̀. Pọ́ǹpù inú katakata ló ń ti ọ́ìlì bá a gba inú họ́ọ̀sì, ìtẹ̀sí ọ́ìlì náà sì lè tó nǹkan bíi 2,500 PSI. Èyí tó wà nínú táyà mọ́tò yín ò ju nǹkan bíi 32 lọ.

Irú ńlá tí ẹ máa ń rí lẹ́bàá títì, tó ní korobá níwájú tó tún lọ́wọ́ lẹ́yìn, tí ilé-iṣẹ́ JCB ti ń ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1953, ìyẹn kì í tú. Orí iṣẹ́ ló ń sùn. Ti katakata kékeré ni wọ́n ṣe kó ṣeé yọ, kó ṣeé so, kí olówó rẹ̀ lè fi katakata gé koríko lọ́la.

Kì í sì í ṣe ara katakata gan-an ni wọ́n ń so ó mọ́. Bí korobá bá ń fa ilẹ̀, ilẹ̀ náà ń fa korobá, agbára yẹn á padà sí ìdí ẹ̀rọ, ó sì tó láti la ilé gíà katakata kékeré sí méjì. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe máa ń de férémù irin tó nípọn sábẹ́ katakata láti iwájú dé ẹ̀yìn. Férémù ló ń jìyà. Lẹ́yìn férémù ni ọ̀pá irin kan wà ní ìbú. Ìkọ́ méjì tó wà nísàlẹ̀ bákóò á wọ abẹ́ ọ̀pá náà, a ó wá fi apá bákóò ti ara rẹ̀ síwájú títí ihò òkè á fi bá ihò mu, a ó ki pínnì ńlá méjì bọ̀ ọ́, a ó fi kílíìpù dí wọn. Mo mọ àwọn tó máa ń fẹ́ gbé bákóò kọ́ apá mẹ́ta tí wọ́n fi ń gbé ohun èlò ìtúlẹ̀. Ẹ má dán an wò. Ohun tó wà níbẹ̀ ò dè é mọ́lẹ̀, ó lè ká sókè lójijì kó sì tẹ ẹni tó jókòó pa mọ́ ara katakata.

Ẹ wá kíyè sí i: bákóò ló ń so ara rẹ̀. Ta ló fẹ́ gbé kílò 450? Họ́ọ̀sì la kọ́kọ́ ń so, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, kí ẹni tó jókòó sórí bákóò máa fi ọ̀pá ìdarí gbé e sókè díẹ̀, kó yí i díẹ̀, kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, títí ìkọ́ á fi wọlé. Lórí ilẹ̀ tó le, tó tẹ́jú, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ mi jẹ́ àkùrọ̀. Òjò rọ̀ lọ́jọ́bọ̀, mi ò sì fi pákó sábẹ́ ẹsẹ̀ irin náà, kí ilẹ̀ tó mọ́ ní Sátidé, ẹsẹ̀ ọ̀tún ti rì. Bákóò fì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Kí n tó dé ibi ẹ̀rín, ẹ jẹ́ kí n bínú díẹ̀. Ẹnìkan, láàárín Texas àti Mọníyà, gbé ọ̀dà àwọ̀ ọsàn, ó sì kun ẹ̀rọ mi látòkè délẹ̀ kó lè dà bí ọ̀tun. Ta ló ń tàn? Mo ti rà á ná! Ó kun họ́ọ̀sì. Ó kun àmì aláwọ̀ mèremère tó wà lẹ́nu họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń sọ ibi tí ọ́ìlì ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde. Ó kun àlẹ̀mọ́ tó ń sọ iṣẹ́ ọ̀pá ìdarí kọ̀ọ̀kan. Ó kun ẹnu ibi tí wọ́n ti ń fa gíríìsì sí i, ọ̀dà dí i pa. Gbogbo ohun tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà kọ sára rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà farapa, ó fi búrọ́ọ̀ṣì pa á rẹ́ kó lè dán. Pínnì ńlá méjèèjì náà sì ti pòórá; irin ìkọ́lé méjì tí wọ́n gé kúkurú ni mo bá nínú ihò wọn. Irin ìkọ́lé! Irin rírọ̀ ni, ó ń tẹ̀, ó sì lè já. Pínnì tòótọ́, irin tí wọ́n ti fi iná mú le ni. Ẹni tó fi irin ìkọ́lé sí ibẹ̀ mọ̀ pé ènìyàn ló máa jókòó sórí rẹ̀. Mo ṣì ń bínú, ẹ foríjì mí.

Ó dáa. Sátidé. Oòrùn ti là, mo wọ búbà funfun, torí ìpàdé ẹgbẹ́ ni mo kà á sí. Mo ṣẹ́ katakata sẹ́yìn títí ó fi kan bákóò, mo gbé họ́ọ̀sì, ẹnu họ́ọ̀sì kọ̀, kò wọlé. Mo tì í, ó kọ̀. Mo fi òòlù bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Tíṣà físíìsì ni mí, ó yẹ kí n ti mọ ìdí rẹ̀: oòrùn ti gbóná sórí ọ́ìlì tó wà ní ìhámọ́ nínú họ́ọ̀sì, ọ́ìlì fẹ́ wú, kò ráyè wú, ó wá ń fi gbogbo agbára ti ẹnu ọ̀nà pa látinú. Ṣe ló yẹ kéèyàn wá aṣọ àkísà bò ó, kó rọra tú ìdí họ́ọ̀sì díẹ̀ kí ìtẹ̀sí náà lọ. Èmi gbé sukudiráfà, mo fi tẹ orí ẹnu họ́ọ̀sì, mo sì tẹjú mọ́ ọn dáadáa bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Ọ́ìlì náà kò pọ̀. Gbogbo rẹ̀ ló bà lójú mi, lórí mi àti láyà búbà funfun.

Mo nu ojú, mo so họ́ọ̀sì. Èwo ló ń wọlé, èwo ló ń jáde? Ọ̀dà ọsàn ò sọ. Mo so wọ́n bí ọkàn mi ṣe sọ, mo tan ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì kérora, kò sí ohun tó mì. Mo pa á, mo pààrọ̀ wọn, mo tún tan án. Bákóò gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, ó ń dúró de àṣẹ. Inú mi dùn débi pé mo bojú wẹ̀yìn láti rí ẹni tó rí i. Wọ́n ti ń dé. Alága ẹgbẹ́ ti jókòó, ó ti ṣí ẹlẹ́rìndòdò kan. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ti gun igi máńgòrò. Láti ilé ìyan-gàrí tó wà lódìkejì ọ̀nà, àwọn ìyá mélòó kan dúró pẹ̀lú ọwọ́ tí ẹ̀gẹ́ ti kun ní funfun.

Mo gòkè, mo jókòó sórí àga bákóò. Ìkọ́ òsì ti wọ abẹ́ ọ̀pá, ìkọ́ ọ̀tún ò tíì wọ̀ nítorí ẹsẹ̀ tó rì. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ ni kí apá kékeré nà síta díẹ̀, kí n lè fi korobá tẹ ilẹ̀ lọ́nà tí ìdí bákóò á fi tọ́.

Oríṣi ètò méjì ló gbajúmọ̀ fún ọ̀pá ìdarí ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀. Nínú ètò ISO, tí ọ̀pọ̀ katapílà agbẹ́lẹ̀ ńlá ń lò, bí o bá ti ọ̀pá ọwọ́ òsì síwájú, apá kékeré á nà lọ jẹ́jẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni apá ńlá wà. Nínú ètò SAE, tó wọ́pọ̀ lára bákóò Amẹ́ríkà, ọwọ́ òsì ni apá ńlá wà, bí o bá sì tì í síwájú, apá ńlá á wọlẹ̀. Ti ISO ni fídíò tí mo wò lóru mọ́jú. Àlẹ̀mọ́ tó ì bá sọ fún mi pé tèmi jẹ́ SAE wà lábẹ́ ọ̀dà.

Mo ti ọ̀pá òsì síwájú.

Apá ńlá wọlẹ̀. Korobá fi eyín rẹ̀ kan ilẹ̀, kò sì níbi tó tún lè lọ mọ́, ọ́ìlì ṣì ń tì í. Bí korobá ò bá lè lọ sísàlẹ̀, kí ló kù? Èmi ni mo kù. Ìdí bákóò bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, èmi lórí àga, ìkọ́ òsì sì gbá ọ̀pá férémù mú, ó ń gbé katakata bọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Táyà ẹ̀yìn lápá òsì kúrò nílẹ̀. Ọmọ kan ké látorí igi máńgòrò pé, "Ẹ wò ó bí ajá tó fẹ́ tọ̀!"

Mo mọ̀ pé bí mo bá fa ọ̀pá náà padà, á sọ̀ kalẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n nísinsìnyí. Nígbà yẹn, ọwọ́ mi méjèèjì fi ọ̀pá yẹn sílẹ̀ wọ́n sì gbá ohun tó sún mọ́ wọn mú, ohun tó sún mọ́ wọn ni ọ̀pá ẹsẹ̀ ìdúró, ọ̀tún àti òsì. Mo tì wọ́n. Ẹsẹ̀ irin méjèèjì nà, èyí tó rì fà yọ nínú ẹrẹ̀, ó wá ibi tó le, ó dúró, ó ń nà síi. Ìkọ́ ọ̀tún tí mo ti ń bẹ̀ láti òwúrọ̀ wọlé gbàgà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yìn katakata wá kúrò nílẹ̀ pátápátá, imú rẹ̀ dorí kodò, táyà ńlá méjèèjì rọ̀ dirodiro lófuurufú. Mo rántí lójijì pé táyà ẹ̀yìn nìkan ni búréèkì katakata ń dì mú. Ohun tó di gbogbo wa mú níbẹ̀ báyìí ni korobá kan, ẹsẹ̀ irin méjì, àti àánú Ọlọ́run, iwájú wa sì ni àkùrọ̀ ti dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú.

Dísẹ́ẹ̀lì wọ́n, èmi sì ti rò ó pé kí la fẹ́ fi tàǹkì kíkún ṣe lọ́jọ́ tí a kàn fẹ́ so bákóò? Ìdí kẹ́ẹ̀gì kékeré kan ni mo dà sí i. Bí katakata ṣe dorí kodò, ìwọ̀nba dísẹ́ẹ̀lì yẹn ṣàn síwájú tàǹkì, ẹnu páìpù tó ń fà á wà lẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tó bá ti gba afẹ́fẹ́ ò ní jí títí wọ́n á fi tú afẹ́fẹ́ náà jáde. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn dé ibi kọ́kọ́rọ́, mo yí i, ó ń rọ́ kìrìkìrì lásán. Mo yí i títí bátìrì náà fi ní ó tó.

Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni alága ẹgbẹ́ ti béèrè pé, "Tíṣà, èló lẹ máa ń gbà fún wákàtí kan?"

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe tíṣà rí, ẹ mọ àìsàn wa. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lójú kíláàsì, a kì í gbà pé ó bàjẹ́. Mo gbé ohùn sókè látibi tí mo wà, mo ní, "Ẹ má fòyà. Ìpele kìíní nìyí."

Ọkùnrin kan lẹ́yìn ní, "Ìpele kejì ńkọ́?"

Mo ní ó ń bọ̀.

Mi ò lè sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe pé ó ga lọ títí o, bóyá kò ju gíga ènìyàn kan lọ láti ibi àga. Ẹ̀rù ń bà mí ni, pé bí mo bá gbé ara mi kúrò lórí àga, ìwọ̀n á yí, ohun gbogbo á sì yọ̀ lọ sínú àkùrọ̀, èmi náà á sì bá a lọ. Mo jókòó bí wọ́n ṣe gbé mi jókòó. Ìmọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ẹnìkan ní ká fi okùn so mí. Òmíràn ní igi ọ̀pẹ ni ká gé wá fi tì í. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé fóònù sókè, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wojú ibí díẹ̀." Ẹnìkan tí mi ò ní dárúkọ ìjọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ó sì gùn. Ìyàwó mi dé látilé, ó dúró, ó wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó wo búbà funfun. Ó ní, "Dádì, ṣé kí n máa gbé oúnjẹ yín bọ̀ lókè ni?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n fi àga tí mo yá sílẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Oòrùn mú. Ẹlẹ́rìndòdò tán. Kò sẹ́ni tó gbé ọ̀kan fún mi.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Onígàrí sọdá ọ̀nà. Ẹ ti mọ ilé ìyan-gàrí: bí wọ́n bá rin ẹ̀gẹ́ tán, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á tò ó sáàárín férémù irin, wọ́n á sì fi jáàkì ọkọ̀ akẹ́rù tẹ̀ ẹ́ títí omi á fi gbẹ lára rẹ̀. Ìyá yìí ti ń tẹ jáàkì láti ìgbà tí mo ti ń ya á sójú pátákó. Ó rìn yí ẹ̀rọ náà ká. Ó wo ẹsẹ̀ irin. Ó fọwọ́ kan họ́ọ̀sì.

"Tíṣà, ṣé ọ́ìlì ló gbé e?"

"Ọ́ìlì ni, Ìyá."

"Níbo lẹ ti ń tú u?"

Mo ní, "Ìyá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ti kú. Láìsí ẹ́ńjìnnì, pọ́ǹpù ò lè ṣiṣẹ́, láìsí pọ́ǹpù..."

Ó ní, "Jáàkì mi ò ní ẹ́ńjìnnì."

Mo fẹ́ dá a lóhùn. Mo fẹ́ sọ fún un nípa Blaise Pascal, ará Faransé tí ìwé rẹ̀ lórí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ohun ṣíṣàn jáde ní 1663, ọdún kan lẹ́yìn tó kú. Pé ìtẹ̀sí tí a bá fi sí ohun ṣíṣàn tó wà ní ìhámọ́ á dé gbogbo ibi lọ́gbọọgba. Mo ti la ẹnu. Ẹnu yẹn ló sì wà ní lílà nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé mi. Gbígbé sókè nìkan ni ẹ́ńjìnnì wúlò fún. Ohun tó gbé mi dúró lókè ni ọ́ìlì tí fáàfù sé mọ́ inú sìlíńdà. Bí mo bá ṣí fáàfù, kílò 450 ti bákóò, katakata, àti èmi fúnra mi, la máa ti ọ́ìlì náà padà sí tàǹkì. Ọ̀pá ìdarí tó wà lọ́wọ́ mi láti àárọ̀ ni ìdè tí Ìyá ń tú lára jáàkì lójoojúmọ́ ayé rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ rọra tú u o. Bẹ́ẹ bá tú u lójijì, ó máa ń já."

Mo gbọ́ "ẹ tú u". Mi ò gbọ́ ìyókù. Mo fa ọ̀pá ẹsẹ̀ òsì pátápátá, ọ́ìlì mí ṣììì, apá òsì já wálẹ̀, orúnkún mi sì lọ bá igun irin kan tí wọn ò gbàgbé láti fi ọ̀dà kùn. Ìyá Onígàrí ò pariwo. Ó dúró kí n kígbe tán, ó ní, "Ó ku ọ̀tún. Jẹ́jẹ́." Mo tú ọ̀tún jẹ́jẹ́. Mo fa ọ̀pá òsì sẹ́yìn jẹ́jẹ́, korobá tú ilẹ̀ sílẹ̀. Táyà kan ilẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́, àtẹ́wọ́ náà sì gùn ju gbogbo èyí tí wọ́n pa fún mi lọ́jọ́ ìfẹ̀yìntì.

Mẹkáníìkì tí mo kọ̀ ló wá tú afẹ́fẹ́ jáde. Kò bínú; ó kàn gbowó ẹni tó ń bínú. Ó tú ìdè kékeré lẹ́bàá asẹ́ dísẹ́ẹ̀lì, ó ń fi ọwọ́ tẹ pọ́ǹpù títí fóòmù fi tán tí dísẹ́ẹ̀lì gidi fi ń jáde. Nígbà tó rí i tí mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ara họ́ọ̀sì láti mọ ibi tó ń jò, ó gbá ọwọ́ mi dànù bí ẹni gbá ọmọdé, ó já páálí kan fún mi pé kí n fi ìyẹn wá a. Ó tọ̀nà. Ọ́ìlì tó bá ń gba ihò tó kéré ju ihò abẹ́rẹ́ jáde ní irú ìtẹ̀sí yẹn lè wọ inú ẹran ara láìsí ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ abẹ kíákíá ló sì kàn. Àwọn tó ń gé irin ṣe pínnì méjì fún mi láti ara ṣáàfù ọkọ̀ akẹ́rù. Irin ìkọ́lé yẹn, mo gbé e pamọ́. Mo fẹ́ máa fi han ẹni tó bá bá mi sọ̀rọ̀ ọ̀dà tuntun.

Ètò tó kù lẹ́yìn síso, ìyẹn ni mo wá gbádùn. Ṣe lẹ máa sọ korobá iwájú katakata kalẹ̀ kó tẹ ilẹ̀ kí imú katakata má fò sókè. Ẹ óò na ẹsẹ̀ irin lórí pákó títí táyà ẹ̀yìn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má ru nǹkan kan mọ́, kó ṣì fara kan ilẹ̀. Bí ẹ bá gbé e kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ óò fa gíríìsì sí gbogbo oríkèé. Lẹ́yìn wákàtí iṣẹ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ óò tún fún bọ́ótì férémù pọ̀, torí wọ́n máa ń dẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ wà á lọ sí ibòmíràn, ẹ ki pínnì tó ń ti apá náà pa bọlé kó má baà yí lọ gbá ògiri onílé lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá fẹ́ yọ bákóò, ẹ so họ́ọ̀sì méjì ti katakata pọ̀ mọ́ ara wọn kí ọ́ìlì lè rí ibi yí po, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ́ǹpù á máa ti ọ́ìlì mọ́ ara ògiri.

Kòtò ẹja mi kọ́ ni ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ gbẹ́. Ìyá Onígàrí ló wá ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé pé omi ẹ̀gẹ́ ń rùn lẹ́yìn ilé ìyan-gàrí òun, ó ti pa koríko, ó ti ń ṣàn lọ sí ọ̀nà kànga, òun fẹ́ kòtò tó jìn. Mo ní kò burú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò owó. Ó ní, "Èló lẹ san fún mi lọ́jọ́ Sátidé?" Mo wa ẹ̀rọ lọ sódìkejì.

Ó dúró tì mí bí mo ṣe ń gbẹ́ ẹ, ó ń tọ́ka ibi tí màá da yẹ̀pẹ̀ sí, ó ní ògiri kòtò náà wọ́, ó sì wọ́ lóòótọ́. Ibẹ̀ la wà tí alága ẹgbẹ́ fi gun ọ̀kadà kọjá. Ó dúró, ó wo korobá bó ṣe ń wọlẹ̀ tó ń gbé yẹ̀pẹ̀, ó mi orí, ó tún béèrè pé èló ni wákàtí kan. Kí n tó la ẹnu, Ìyá Onígàrí ti dárúkọ iye kan tó ju èyí tí mo ní lọ́kàn lọ dáadáa. Alága ní òun á mú owó wá lọ́la. Nígbà tó lọ tán, Ìyá yíjú sí mi, ó ní ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà jẹ́ tòun.